Ọ̀nà Àbàtà Láti Kuje Dé Ilé Ìwé

Kékeré ni mo wà, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni kí èèyàn wá ọ̀nà tó dára láti rìn nítòsí ilé rẹ̀. Kuje tó wà nítòsí Festac là ń gbé nígbà náà. Ilé alámọ̀ ni ilé wa, páànù ló wà lórí rẹ̀, igi àgbọn méjì sì wà níwájú ilé. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìnkùlé wa láàárọ̀, ẹ óò rí orí àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Festac lókèèrè. Ilé ìwé wà nínú ibẹ̀. Àwọn ọmọ tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ti ń lọ. Èmi kì í lọ.

Kì í ṣe pé àwọn òbí mi kò fẹ́. Ọ̀nà ni kò sí. Àbàtà ló wà láàárín wa àti Festac, igi ògùrọ̀ àti koríko tó ga ju àgbàlagbà lọ ló kún ibẹ̀. Etí títì márosẹ̀ tó lọ sí Badagry ni àwọn ọmọ ń gbà, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń kó yanrìn ti ń sáré. Etí títì yẹn ni ọkọ̀ ti gbá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà tó ń ti ilé ìwé bọ̀, tí ó sì kú. Mo kéré púpọ̀ nígbà náà. Aṣọ ilé ìwé rẹ̀ nìkan ni mo rántí, aláwọ̀ ewé. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti sọ pé ọmọ òun kankan kò ní fẹsẹ̀ tẹ etí títì náà mọ́. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹbí bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí wọ́n bá rí ọ̀nà mìíràn, òun á jẹ́ kí n lọ. Gbogbo wọn mọ̀ pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

Bàbá àgbàlagbà kan ń gbé ní òdìkejì ilé wa. Òun nìkan ló ń dá gbé, ìyàwó rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ó ti bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Festac. Òun ló máa ń fi àdá la igbó kí àwọn ọ̀gá tó gbé ẹ̀rọ wọn dé. Iṣẹ́ náà ti parí, ṣùgbọ́n kò fi ìrìn sílẹ̀. Àràárọ̀ ni yóò mú àdá, yóò wọ inú igbó, kò sì ní mú ohunkóhun bọ̀. Kì í ṣẹ́gi, kì í ṣọdẹ. Àwọn obìnrin máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí kànga.

"Bàbá, ẹ tún ti lọ kí ìyàwó yín nínú igbó?"

"Ó ní kí n kí yín," ni yóò fi dá wọn lóhùn. "Ó ní ariwo yín kì í jẹ́ kí òun sùn."

Ní ọjọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń fi igi kọ A sí orí yanrìn. Ọmọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló kọ́ mi. Bàbá náà wò ó, ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ sí ilé ìwé. Mo ní ọ̀nà ni kò sí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ní ọjọ́ kejì, ó gba àyè lọ́wọ́ bàbá mi, a jọ wọ inú igbó.

Ọyẹ́ ló wà nígbà náà, ilẹ̀ sì gbẹ. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀. Ó ní níbi tí òkìtì ikán bá wà, kí n máa tẹ̀ ẹ́ láìfòyà, nítorí ikán kì í kọ́lé sínú omi. Níbi tí ewé bá ti tutù yọ̀yọ̀ nígbà ọyẹ́, kí n yà fún un. Láti orí òkìtì kan dé orí òkìtì kejì là ń lọ, tí ó ń fi àdá ṣán koríko, tí èmi sì ń so àkísà pupa mọ́ igi kí a lè rí ọ̀nà padà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó jáde sí ẹ̀yìn ọgbà ilé ìwé náà. Mo gbọ́ agogo wọn. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n ń ka ìwé pọ̀.

Mo sáré délé, mo ń pariwo fún ìyá mi pé a ti rí ọ̀nà. Bàbá náà dé lẹ́yìn mi, ó ń mí gúlegúle.

"A ò tíì rí i," ló wí. "Òjò ò tíì rọ̀ sí i."

Ó dùn mí. Mo rò pé kò fẹ́ kí n lọ ni. Nítorí náà, nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, èmi nìkan dìde ní ọjọ́ kejì, mo wọ inú igbó kí n lè fi hàn án pé irọ́ ló ń pa. Láàárín àkísà kẹta àti ìkẹrin, ilẹ̀ gbà mí títí dé ìbàdí. Mo di imọ̀ ògùrọ̀ kan mú, mo kígbe títí ohùn mi fi lọ. Bàbá náà ló rí mi. Ìrìn tó máa ń rìn lẹ́yìn òjò ló gbé e débẹ̀. Ó fà mí jáde, kò nà mí. Ó gbé mi jókòó sórí òkìtì ikán kan, ó sì tú àwọn àkísà méjèèjì náà kúrò lára igi.

"Ó dáa," ló wí. "A ti mọ ibi tí kò gbà."

Ìyá mi rí ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ mi lára. Ó wọ yàrá, ó mú aṣọ ilé ìwé ẹ̀gbọ́n mi jáde nínú àpótí, ó gbé e lé itan. Bàbá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ìyàwó wa, èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò ṣàlàyé fún un dáadáa. Jẹ́ kí omi òjò kún ná, ká lè mọ ibi tó le."

"Kí omi kún kí ọmọ tèmi wá rì pátápátá, àbí?"

"Ìwọ lo máa kọ́kọ́ rìn ín. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o ò ní gbọ́ ilé ìwé lẹ́nu mi mọ́."

Ìyá mi ká aṣọ náà padà sínú àpótí. Ṣùgbọ́n kò sọ pé rárá.

Gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn ni bàbá náà fi wà nínú àbàtà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá mi á lọ bá a. Wọ́n tẹ́ ìtì igi àgbọn sí ibi mẹ́ta, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀nà náà yípo ibi tí mo ti rì. Ó wá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí omi kún ibi gbogbo, ó dé ilé wa. Ó ní, "Ìyàwó, ó yá." Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti kànga bọ̀, bàsíà omi kún dẹ́nu lórí rẹ̀, ewé sì wà lórí omi náà bí àwọn obìnrin ṣe máa ń fi í sí i kí omi má baà máa dànù. Kò sọ bàsíà náà kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó yọ ewé náà, ó jù ú nù.

"Bí omi yìí bá dà kí n tó débẹ̀, màá mú ọmọ mi padà sílé ni."

Bàbá náà ṣáájú, ìyá mi tẹ̀ lé e, èmi ni mo gbẹ̀yìn. Mi ò wo ilẹ̀ rárá, bàsíà yẹn nìkan ni mò ń wò. Níbi ìtì igi, ìyá mi máa ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé ara lé e. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti yípo, ó dúró. Ó wo ẹrẹ̀ tí mo ti rì sí. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Bàsíà náà mì, mo sì rí i tí omi ṣàn wá sí ọrùn rẹ̀. Bàbá náà rí i pẹ̀lú.

Ìyá mi fi ọwọ́ kan nu ọrùn.

"Òógùn ni," ló wí. Ó gbé ẹsẹ̀, ó ń lọ.

Nígbà tí a dé ilé ìwé, tíṣà obìnrin kan jáde sí wa. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, àwa kì í ra omi."

"Mi ò ta omi," ni ìyá mi wí. "Ọmọ ni mo mú wá. Ẹ fi omi yìí fọ ọwọ́ àwọn ọmọ."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé nìyẹn, ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè mí. Kò dùn mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi rin ọ̀nà yẹn. Bàbá náà kú kí n tó jáde. Mi ò rántí pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní àdúgbò yìí lónìí kò lè mọ ibi tí mò ń sọ. Wọ́n ti da yanrìn sí àbàtà náà, wọ́n ti kọ́lé sí i. Kò sí òkìtì ikán mọ́. Ibi tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀ ti di kánáálì, ẹ̀gbẹ́ kánáálì yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láìbẹ̀rù mọ́tò. Ọdún kẹrin rèé tí ìyàwó mi ti lọ. Nígbà tó wà láyé, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń sọ pé ká jáde lọ rìn. Mo máa ń sọ pé ó di ọ̀la. Nísinsìnyí, àràárọ̀ ni mò ń rìn. Mo ti wá mọ ohun tí bàbá yẹn ń wá nínú igbó.

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wọkọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn láti lọ gun òkè. Inú fóònù ni wọ́n ti ń rí ọ̀nà, àwòrán rẹ̀ á sì ti fi ibi gbogbo hàn wọ́n kí wọ́n tó kúrò nílé. Mi ò bá wọn jà. Ó bi mí pé, "Dádì, ṣé ibi tó dáa wà láti rìn nítòsí wa níbí?" Mo ní kó wá ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó di ọjọ́ náà, òjò rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì pè mí.

"Dádì, ẹ kú àárọ̀ sà. Gbogbo ilẹ̀ ti tutù o. Ṣé ká fi í sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Mo ní rárá, òní gan-an ló yẹ ká lọ wò ó.

A gba ẹ̀gbẹ́ kánáálì lọ sí apá Kuje. Mo fi ibi tó yọ̀ hàn án, àti ibi tó le. Nígbà tí a dé ibi tí mo rò pé ìyá mi ti dúró, èmi náà dúró. Ilé alájà méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sá aṣọ ilé ìwé ọmọdé sórí okùn. Ọmọbìnrin náà rí omi lójú mi.

"Dádì, kí ló dé?"

Mo ní òógùn ni. Mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tó wà níwájú wa wò, a sì ń lọ.