Aago Ọwọ́ Okdan

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi bẹ́ sómi, ó rì, kò dúró, ó di ọwọ́ obìnrin kan mú nísàlẹ̀ òkun Jeju wa yìí.

Ọwọ́ ta ni?

Ọwọ́ Okdan, ìyá Taesik, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri òkúta tí ẹ ti ń ṣeré. Sungmi, yé é fa ìbora mọ́ àbúrò rẹ lọ́wọ́.

Omi ni iṣẹ́ Okdan, bó ṣe jẹ́ iṣẹ́ tèmi náà. A ó fi igbá sílẹ̀ kó máa léfòó, a ó mí kanlẹ̀, a ó rì lọ bá ìgbín òkun tó lẹ̀ mọ́ àpáta. Irin pẹlẹbẹ la fi ń yọ ọ́, okùn rọ́bà irin náà la sì ń wé mọ́ ọrùn ọwọ́ kó má baà bọ́. Ojúkòkòrò ló ń pa àwa obìnrin níbẹ̀: èémí ti tán, o tún rí ìgbín ńlá kan, o ní o máa mú eléyìí náà.

Deukbo ọkọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èémí Okdan ń kúrú, ó bọ́ aago tó fi ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń di irin mú gan-an.

"Kí ló dé tí kì í ṣe òsì?"

"Ìyá Taesik, ọwọ́ tí o bá nà sí ìgbín ni ojú rẹ ń wò. Tí o bá rí abẹ́rẹ́ aago tó ń sáré yẹn, gòkè wá bá mi. Má bọ́ ọ nínú omi o."

Àràárọ̀ ló ń sọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló sọ ọ́ tí kò tún sọ nǹkan kan mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá òsì nìkan ló ṣẹ́ kù fún un. Tí Okdan bá ti òkun dé nírọ̀lẹ́, Deukbo á fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ etí, á gbọ́ kì-kì-kì, kó tó la ẹnu gba ẹ̀kọ ìrẹsì.

Ẹ wò ó, aago tó ń wọ omi ní kókó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lílọ́ ni wọ́n ń lọ́ ọ wọlé bí ọmọrí ìgò, kí omi má baà ráyè. Okùn rọ́bà irin wa wá ń ha kókó yẹn. Bí Okdan ti ń yí ọwọ́ lára àpáta, bẹ́ẹ̀ ni okùn ń yí kókó díẹ̀díẹ̀, títí á fi tú. Ó ń lọ́ ọ padà láàárọ̀. Kó tó dọ̀sán, ó ti tú.

"Ìwọ àti aago yìí, bí ìyá àti ọmọ tí kò fẹ́ wọ ṣòkòtò!" Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí a ti ń yáná.

"Máa rẹ́rìn-ín, Ìyá Yeonhwa. Ọkọ tìẹ ń mu ọtí kiri, tèmi ló wà lórí ẹní."

"Gbé e sí òsì nígbà náà."

"Mo gbé e. Baba Taesik fi ọwọ́ kan yẹn tú u, ó dá a padà."

"Bọ́ ọ síbi iná yìí, kí o wọ̀ ọ́ tí o bá ń lọ sílé. Ta ló máa sọ fún un?"

"Ohun tó sọ kẹ́yìn nìyẹn, pé kí n má bọ́ ọ."

Ó gbé e tọ baba alátùnṣe aago lọ nílùú.

"Ìyá, ibi tí kókó yìí ń dì mú ti gbó tán. Irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ má gbé e wọ omi mọ́."

Okdan dúpẹ́, ó so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún padà. Kí ló tún kù tó lè ṣe?

Lọ́jọ́ kan tí òkun mọ́ gaara, ó rí ìgbín kan tó tó àwo. Ó ti irin bọ abẹ́ rẹ̀, ó yí ọwọ́ títí, ìgbín di àpáta mú. Abẹ́rẹ́ ń sáré. Abẹ́rẹ́ dúró. Ló bá fi ìgbín sílẹ̀, ó gòkè, èémí rẹ̀ sì dún fíì lórí omi bí ohùn ẹyẹ.

"Omi ti wọ inú rẹ̀," ló wí fún mi. Gíláàsì aago ti ṣú.

Mo tẹ̀lé e délé. Deukbo fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ etí. Ó tẹ́tí títí. Okdan bẹ̀rẹ̀ sí fi ahọ́n ṣe ìró aago: kì-kì-kì. Deukbo yíjú, ó wo ẹnu rẹ̀.

Ló bá fi àtàǹpàkò mú kókó, ó ń lọ́ ọ. Ó ń lọ́ ọ. Kókó ń yí lásán, kò dì mọ́ nǹkan kan. Okdan na ọwọ́ fún un, kò fà á padà. Ẹ̀kọ tutù.

Ṣé ó padà jẹun, Màmá?

Ó jẹ díẹ̀, nígbà tó rẹ àtàǹpàkò rẹ̀.

Aago náà ńkọ́?

Kò ṣiṣẹ́ mọ́. Iná wọn nìyẹn lókè ògiri. Deukbo á ti máa lọ́ kókó rẹ̀ báyìí. Ó tó, ẹ dìde. Sungmi, di àbúrò rẹ lọ́wọ́ mú, ẹ lọ sùn.