Ìwọ̀n Hámísítà Ọ̀gá Mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni mo lọ ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní Banjul. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, obìnrin òyìnbó kan, lọ sinmi nílùú rẹ̀ fún oṣù kan, ó sì fi hámísítà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Eku tí wọ́n ń sìn nínú àgò ni, èyí tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ.

"Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni kí n ṣe bá a," ló wí. "Kò gbọdọ̀ sanra, kò gbọdọ̀ rù."

Lẹ́tà tí yóò sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì fọwọ́ sí i. N kò ní ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kan ara wọn, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dán an wò.

Mo gbé eku náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà ní òpópónà kejì, nítorí òṣùwọ̀n rẹ̀. Gíráàmù ogójì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Onílé mi, ìyá kan láti Ìsẹ́yìn tó ń ta aṣọ lọ́jà, yẹ̀ ẹ́ wò.

"Tíṣà, kí la fẹ́ fi èyí ṣe? Kò kún ìkòkò."

"Àlejò ni, Màmá."

"Àlejò? Kò ní rù nílé mi, o gbọ́?"

Eku náà ń sùn látàárọ̀, oòrùn a wọ̀ tán kó tó jẹun. Ààwẹ̀ la wà, Màmá sì pinnu pé Mùsùlùmí ni. Mo ní oorun nìkan kò tó ẹ̀rí. Ní gbogbo Jímọ̀, tí mo bá fẹ́ gbé e lọ wọ̀n, Màmá á fún un ní ẹ̀pà: arìnrìn-àjò ni lọ́jọ́ náà, ààwẹ̀ kò kàn án. A ó fi aṣọ bo àgò, a ó sì yíjú sẹ́yìn, kó lè jẹun pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Jímọ̀ àkọ́kọ́, ó di mẹ́rìnlélógójì. Mo dín oúnjẹ rẹ̀ kù sí ìdajì. Jímọ̀ kejì, méjìlélógójì. Mo tún dín in kù. Màmá ní mo ń febi pa àlejò òun.

Jímọ̀ tó kẹ́yìn, ọ̀gá mi dé, ó bá èmi àti Màmá níwájú òṣùwọ̀n. Ogójì géérégé. Ó mi orí pé ó dára, ó yọ lẹ́tà náà àti bírò.

Hámísítà náà bá jókòó, ó fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi ń kó oúnjẹ pamọ́, ẹ̀pà kan jáde. Alágbẹ̀dẹ mú un kúrò, àwo òṣùwọ̀n gòkè díẹ̀. Èkejì jáde. Nígbà tí ó pé mẹ́fà, ìwọ̀n rẹ̀ ti di mẹ́rìndínlógójì.

"Ṣé ẹ kò wo ẹnu rẹ̀ rí ni?" ọ̀gá mi bi mí.

"Rárá, mà. A kì í wo ẹnu ẹni tó ń jẹun."

Ó wò mí bóyá àwàdà ni. Mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún Màmá.

"Wọn ò kọ́ òyìnbó yìí nílé ni?" Màmá wí.

N kò túmọ̀ ìyẹn padà.

Ọ̀gá mi dá lẹ́tà padà sínú báàgì. Ó fún mi ní oṣù kan sí i, kí n fi dá gíráàmù mẹ́rin padà sára eku náà.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá kọjú sí ògiri, èmi sì ṣí aṣọ. Hámísítà náà dúró, ẹ̀pà wà lẹ́nu rẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi.

Mo ní kó má bínú.