Gíláàsì Karùn-ún ní Craigdarrow

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Hector Tulloch jẹ́, ẹ wo bó ṣe ń jókòó. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi ṣọ́ àgbá ọtí ní Craigdarrow, ilé iṣẹ́ tó ń pọn wísìkì ní Scotland, n kò sì rí i rí kó fẹ̀yìn ti àga. Etí àga ló máa ń jókòó sí, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè síta. Mo máa ń sọ pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo ṣì í mú pátápátá. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Èmi ni Netta Farquhar. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń fọ gíláàsì níbẹ̀, tí mo sì ń gbé ọtí síwájú àwọn àlejò tó ń wá tọ́ ọ wò. Ilé wa àti ti Hector fara kan ara, Wilma ìyàwó rẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Elspet. Oṣù kẹrin ọdún tí mò ń wí yìí ni wọ́n fi Elspet jẹ ọ̀gá Craigdarrow, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán an. Wọ́n ní tó bá fi máa di ìparí oṣù kọkànlá tí kò mú oníbàárà gidi kan wá, kó padà sí ìdí ọkà báálì tó ń rẹ tẹ́lẹ̀. Elspet kò sùn, kò wo, títí Ọ̀gbẹ́ni Lorimer fi gbà láti wá láti Edinburgh. Ọkùnrin yìí ló ń bá àwọn ilé ìtajà ńláńlá yan ọtí. Bí ó bá ní ọtí yín dára, ó dára nìyẹn. Bí ó bá pè yín ní òpùrọ́, ẹ lọ wá iṣẹ́ mìíràn.

Ohun tí Elspet tò kalẹ̀ fún un kò ṣòro. Gíláàsì márùn-ún, Craigdarrow ni gbogbo wọn, báálì kan náà, omi odò kan náà, ọjọ́ orí àti igi àgbá nìkan ló yàtọ̀. Karùn-ún ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Inú àgbá 614 ni yóò ti wá, èyí tí wọ́n rọ ọtí sí ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí Elspet gan-an, lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí Lorimer pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dí ẹnu àgbá náà, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án, àti pé ìṣojú rẹ̀ ni òun ti máa ṣí i.

Mo sọ fún un pé kó kọ́kọ́ yọ́ tọ́ ọ wò. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú.

"Netta, tí mo bá ṣí i tẹ́lẹ̀, kí wá ni mo kọ sínú lẹ́tà?"

Ó pe bàbá rẹ̀ náà. Ṣebí ọwọ́ Hector ló yí àgbá yẹn wọlé.

Aago méjì ọ̀sán ni a bẹ̀rẹ̀, nínú ilé àgbá, níbi tí òtútù ti ń ti ilẹ̀ wọ bàtà. Lorimer wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ rán wá sì wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ lára Elspet bí ojú ológbò lára ẹja. Lorimer gbé gíláàsì kìíní símú. Ó kán omi díẹ̀ sí i, ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó fi fọ ẹnu, ó tu ú dà sínú garawa. Hector gbé tirẹ̀ mì ní ẹ̀ẹ̀kan. Gíláàsì kejì, bákan náà. Mo ń wò ó pé kí ló ń lé bàbá yìí.

Nígbà tí mo lọ bu omi kí n tó gbé ẹ̀kẹta sílẹ̀, ó tẹ̀ lé mi dé ìdí ẹ̀rọ omi.

"Netta, da garawa ìtutọ́ yẹn sórí tábìlì."

"Kí lẹ wí?"

"Ṣe bí ẹni pé ó ṣèèṣì ni. Kí gbogbo wọn ṣáà jáde."

"Hector, gíláàsì méjì péré ló ti ń pa yín báyìí?"

"Àgbá 614," ó ní. "Wọn ò gbọ́dọ̀ ṣí i."

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi. Ní abúlé wa, gbogbo ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọtí ló mọ ohun tí à ń pè ní ajá. Páìpù bàbà tí wọ́n fi ń yọ́ ọtí gbé jáde ni, wọ́n á jó owó kọ́bọ̀ kan mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi okùn so ó kọ́ sínú ṣòkòtò, kó máa bá itan wọn rìn lọ sílé. Bàbá mi ní tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní olè láàárín wa. Ọjọ́ tí Elspet pé ọmọ ọdún kan, Hector àti Sandy Geddes ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ajá bọ àgbá 614 kí wọ́n lè fi ọtí ọmọ kí ọmọ. Ọtí náà dùn jù. Ni wọ́n bá ń padà lọ, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọtí inú àgbá ti ń dín, wọ́n ń bu omi odò dí i, nítorí ọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù tó máa ń wá kì í ṣe ju kó ti ọ̀pá bọ àgbá, kó wo ibi tí ọtí dé.

Ọ̀pá yẹn kò lè mọ agbára ọtí. Ìwọ̀n tó ń léfòó nínú ọtí, èyí tí Elspet gbé sórí tábìlì lónìí, mọ̀ ọ́n. Òfin sì ni pé bí agbára ọtí bá lọ sílẹ̀ ju ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pè é ní wísìkì mọ́.

"Báwo ni omi náà ṣe pọ̀ tó?"

"Ta ló ń wọn irú ẹ̀, Netta?"

"Ẹ lọ sọ fún un báyìí."

"Níwájú wọn? Ojú wo ni màá fi wò ó?"

Inú bí mi. "Èyí tí ẹ ti fi ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá náà ni kẹ́ ẹ fi wò ó! Àbí ẹ fẹ́ kí ìwọ̀n bá yín sọ ọ́?"

Ó padà lọ jókòó sí etí àga rẹ̀. Mo gbé ẹ̀kẹta sílẹ̀, Lorimer tu òun náà dà. Mo gbé ẹ̀kẹrin sílẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún, inú àgbá wáìnì Sípéènì ló ti dàgbà. Lorimer gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Eléyìí dára," ó ní, ó sì tún un mu, kò tu ú dà. Ẹni tí wọ́n rán wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú Elspet ń dán bí ojú ọmọdé. Mo wo Hector. Bàbá yìí, ẹ sọ̀rọ̀ o.

Elspet mú òòlù igi. Ó dúró síwájú àgbá 614.

"Elspet," Hector dìde. "Má ṣí i."

"Dádì, ẹ jókòó."

"Bàbá fẹ́ fi tirẹ̀ pamọ́ ni," Lorimer wí, ẹni tí wọ́n rán wá sì rẹ́rìn-ín.

"Mo ti mu tèmi," ni Hector wí. "Èmi àti Sandy. A fi ajá fà á, a sì bu omi odò dí i. Ọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ni."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Elspet kò yí ojú padà. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó pọ́n. Ó lè gbé òòlù náà sílẹ̀, kó ní ká lọ jẹun, kí ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Ó na ẹ̀gbẹ́ ìdérí igi tó dí ẹnu àgbá náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ìdérí sì fò jáde. Ó fa ọtí náà, ó dà á sínú gíláàsì gígùn, ó ti ìwọ̀n bọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n náà ń jó sókè, ó ń jó sódò.

"Méjìdínlógójì àti ààbọ̀," ó ní.

"Tún un kà," ẹni tí wọ́n rán wá sọ kíákíá. "Ìmọ́lẹ̀ ibí ò dáa. Lójú tèmi ó lé ní ogójì."

"Mo ti kà á, sà. Kì í ṣe wísìkì mọ́." Ó kọjú sí Lorimer. "Ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà kì í ṣe òtítọ́. Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Lorimer mú fìlà rẹ̀. Ó yíjú sí Elspet.

"Ẹ̀kẹrin ńkọ́, ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni."

"Àgbá mélòó ló kù?"

"Méje."

"Màá kó méjèèje."

Ó jáde, ẹni tí wọ́n rán wá sì ń sáré tẹ̀ lé e. Orí iṣẹ́ Elspet ti yọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ hó yèè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo gbé gíláàsì, mo sì ń nù ún.

Ó da díẹ̀ nínú ọtí náà sínú gíláàsì, ó gbé e símú.

"Òórùn ẹ̀wù kóòtù yín nìyí," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá gbé mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Gbogbo gíláàsì tí mo ti gbóòórùn rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, òun ni mò ń wá."

Hector kò lè gbórí sókè.

"Ọdún mélòó lẹ fi mu ún?"

"Mọ́kànlá."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dáwọ́ dúró?"

Mo mọ ohun tó fẹ́ gbọ́: pé nítorí òun ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kiri abúlé pé ibi tí bàbá òun ń ṣiṣẹ́ ni òun náà máa ṣiṣẹ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí Hector purọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí.

"Sandy ló kú," ó ní. "Èmi nìkan ò lè dá a ṣe."

Elspet mi orí. Ó gbé gíláàsì náà sílẹ̀ láìmu ún.

"Ẹ lọ sọ fún Mọ́mì fúnra yín. Mi ò ní bá yín sọ ọ́."

Hector dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ. Ilé wọn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ibẹ̀. Wilma sọ fún mi pé ó tó wákàtí méjì kó tó wọlé.