Irin tí Wọ́n Ní Kí Ẹnikẹ́ni Má Lù

Mo kírun àsùbáà tán ni mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká. Ìyá wa tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó di tẹ̀sùbáà mú lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì fa ìbòrí mọ́ra, nítorí ọyẹ́ tó ń mú ní Ìjẹ̀bú-Igbó láàárọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Láti ìgbà tí ohùn kan ti ń káàkiri orí Wasáàpù pé àwọn agbésùnmọ̀mí ń bọ̀, pé ojú omi ni wọ́n máa gbà wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìyá wa kò fojú kan oorun dáadáa mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Sìkírátù ló ń rò. Apẹja ni ọkọ rẹ̀, abúlé kékeré kan létí ọ̀sà, tí kò jìnnà sí Efire, ni wọ́n ń gbé. Ìyá wa ní kí n lọ mú un wálé, òun àti ọkọ rẹ̀ bí ọkọ bá gbà, òun nìkan bí ọkọ ò bá gbà.

Èmi náà kì í ṣe akíkanjú, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Àgó-Ìwòyè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Lọ́sẹ̀ tí ohùn yẹn jáde, ṣe ni wọ́n ń rọ́ wá gba aṣọ kí wọ́n tó sá lọ sílé, èyí tí mo rán tán àti èyí tí n ò rán tán. Ọmọbìnrin kan gba búláòsì ọlọ́wọ́ kan lọ bẹ́ẹ̀. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àfi ìgbà tí táyà ọ̀kadà kan bẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí mo bá ara mi lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Látìgbà náà ni mo ti panu mọ́.

Mo wọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, níbẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ Abigi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni dírẹ́bà gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Nígbà tí a bi í pé ṣé epo ló tún gbówó lórí ni, ó ní epo wà níbi tó wà, ẹ̀rù ló gbówó lórí. Lójú títì márosẹ̀, àwọn sójà ti to àpò yanrìn sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó yẹ báàgì mi wò kò gbọ́ Yorùbá. Ewùrà tí mo gbé fún ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ fà jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún bí ẹni tó fẹ́ rà á, ó ní kí ni à ń fi í ṣe. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé a máa ń rin ín ni, ká fi se ìkọ́kọrẹ́. Ó bi mí bóyá ó dùn. Mo ní ó dùn. Ó dá a padà, kò wo ìsàlẹ̀ báàgì rárá. Inú mi dùn pé ó jẹ́ kí n lọ, àyà mi sì já pé bó ṣe ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn lọ nìyẹn.

A yà kúrò lójú títì márosẹ̀, a wọ ọ̀nà Abigi. Ọ̀nà náà dára níbì kan, ó bàjẹ́ níbì mẹ́ta. Bí a ṣe ń sún mọ́ omi ni ilẹ̀ ń di yanrìn, tí igi àgbọn ń pọ̀ sí i, tí igi obì tí ojú wa mọ́ nílé ò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ ìjọba là ń sọ nínú ọkọ̀. Ọkùnrin kan tó ń lọ sí Makun-Omi ní ìjọba ti múra sílẹ̀, òun gbọ́ ọ lórí rédíò. Dírẹ́bà ò bínú, ó kàn rọra dá a lóhùn.

"Wọ́n ní ká lajú sílẹ̀. Ojú wa ò padé látọjọ́ yìí. Bí a bá wá rí wọn, ta ni ká pè?"

 Ọkùnrin Makun-Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn.

Ní Abigi mo jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ẹja tútù tó fẹ̀ ju àwo lọ, iye tí wọ́n fi ń ta ìrù ẹja lásán lọ́dọ̀ wa ni wọ́n gbà. Ọ̀kadà ló gbé mi dé abúlé náà. Wọ́n ti fi okùn dábùú ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó gbé ìbọn ṣakabùlà dá mi dúró, wọ́n bi mí ní orúkọ, wọ́n bi mí pé ta ni mo wá kí, wọ́n sì mú mi dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi gan-an. Ó wú mi lórí. Lọ́dọ̀ wa, àlejò á ti jókòó, á ti mu omi tán, kí a tó rántí pé a ò tíì bi í ní orúkọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gba ewùrà, ó yọ̀ mọ́ ọn ju bó ṣe yọ̀ mọ́ mi lọ. Nígbà tí mo jíṣẹ́ ìyá wa, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Bùọ̀dá Mùfú kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní òun ń lọ ká àwọ̀n láàárọ̀, bí òun bá dé, a ó jókòó sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ wo bí wọ́n ṣe múra. Etí omi ni rìmù ọkọ̀ akẹ́rù kan wà, tó ti dípẹtà, tí wọ́n fi ṣéènì so rọ̀ sára igi àgbọn. Láti ayé àwọn bàbá wọn, bí kùrukùru bá bo ọ̀sà, ìyàwó ẹni tó bá wà lójú omi ló ń lu irin níbẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ lè gbọ́ ibi tí ilẹ̀ wà, kó sì máa wa ọkọ̀ bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà òjò tó kọjá, Bàbá Kẹ́hìndé, olórí ẹ̀ṣọ́ abúlé, ní irin náà nìkan ni ohùn rẹ̀ dé gbogbo ilé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má lù ú mọ́, àfi bí àjèjì bá gba ojú omi wọlé. Tó bá dún, kí àwọn obìnrin àti ọmọdé sá wọ igbó, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré wá sétí omi. Wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́sáláṣí, wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní àwọn èèyàn yìí mà gbọ́n o. Nígbà òjò, ta ló ń rántí ọyẹ́ àti kùrukùru rẹ̀?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru bo ọ̀sà débi pé ẹni tó bá na ọwọ́ kò ní rí ìka ara rẹ̀. Bùọ̀dá Mùfú ti lọ láti ìdájí, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Tàjú, oníkálukú nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó Tàjú dúró létí omi. Wọ́n pariwo títí, ohùn wọn kò lọ síbì kankan. Láti inú kùrukùru la ti ń gbọ́ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń fa gẹdú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún tó kọjá, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gun orí apẹja kan, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun gun nǹkan.

Ó lọ bẹ Bàbá Kẹ́hìndé. Bàbá ní kí wọ́n ní sùúrù kí oòrùn yọ, pé bí irin bá dún báyìí, àwọn arúgbó á ṣubú nínú igbó. Ẹ̀gbọ́n mi padà wá, ó tún dúró. Ìró ẹ́ńjìnnì náà ń sún mọ́ wa. Ló bá kọrí sídìí igi àgbọn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Àǹtí mi, wọ́n ní kí ẹ má lù ú."

"Ráfátù, fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ẹni tí ò tíì dé lẹ ń bẹ̀rù. Ẹni tó wà lójú omi ńkọ́?"

Mo fi í sílẹ̀. Ó mú irin kékeré tó wà nídìí igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu rìmù náà, méjì, ìsinmi, méjì. Lẹ́yìn wa, ilẹ̀kùn ń gbá, ọmọ ń ké, ẹsẹ̀ ń lọ gììrì sínú igbó. Ẹsẹ̀ èmi náà fẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ mo ń fi ojú ara mi rí ẹni tó ń lù ú.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló dé. Bí wọ́n ṣe gbọ́ irin ni wọ́n sáré bọ̀, bí wọ́n ti pàṣẹ fún wọn, wọ́n tò sétí omi, wọ́n na ìbọn sínú kùrukùru. Àsìkò yẹn gan-an ni nǹkan dúdú kan yọ lójú omi, èèyàn wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń kígbe pé ọkọ òun ni. Ìyàwó Tàjú ń kígbe pé ọkọ òun ni. Ta ló ń gbọ́ wọn? Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti di ojú kan láti yìnbọn.

Mo gbọ́ tí Bàbá Kẹ́hìndé ń mí hẹlẹ lẹ́yìn mi. Ó gba àárín wọn kọjá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹnu ìbọn náà mọ́lẹ̀. Ohùn Bùọ̀dá Mùfú dé láti ojú omi.

"Ẹ má dáwọ́ dúró o. Tàjú ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì yẹn wà láàárín wa."

Ẹ̀gbọ́n mi tún gbé irin sókè.  Bàbá Kẹ́hìndé gba irin kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, méjì, ìsinmi, méjì, ó ń lù ú títí Tàjú fi gúnlẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ wọ inú omi lọ dì mọ́ ọn.

Àwọn tó sá wọ igbó padà dé, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn. Màmá àgbà kan ti fi ẹsẹ̀ rọ́, wọ́n pọ̀n ọ́n wálé, ó sì ń ṣépè fún gbogbo ayé. Wọ́n jókòó ìpàdé. Gbogbo wọn gbà pé kí irin náà padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa fi kéde pé àjèjì ń bọ̀ ni wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí. Ẹnì kan ní kó jẹ́ fèrè, ẹlòmíràn ní kó jẹ́ gbohùngbohùn mọ́sáláṣí. Wọ́n ṣì ń jiyàn nígbà tí mo di ẹrù mi.

Ẹ̀gbọ́n mi sìn mí dé ibi okùn. Ó ní òun ò lọ. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, kí n má lọ sọ fún ìyá wa pé ẹ̀rù ò ba òun. "Ṣùgbọ́n bí mo bá wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ta ni yóò lu irin fún ọkọ mi?" Omi bọ́ lójú mi, n kì í purọ́.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀ wálé, mo ń rò ó. A ò lè sọ pé kí èèyàn má múra sílẹ̀ de ọ̀tá. Òmùgọ̀ ló ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Àmọ́ bí a bá ń ti ilẹ̀kùn, ó yẹ ká kọ́kọ́ ka ara wa, ká mọ ẹni wa tó ṣì wà níta. Èyí ni mo rí kọ́ létí ọ̀sà, mo sì rò pé ó tó fún abúlé, ó tó fún orílẹ̀-èdè.

Ìyá wa jókòó síwájú ilé nígbà tí mo wọlé. Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ìkankan pa mọ́, títí kan ìbọn. Kò bá mi wí. Ó ń wo ojú ọ̀run, mo rò pé ẹkún ló fẹ́ sun.

"Pe Sìkírátù fún mi," ó ní. "Sọ fún un pé ọyẹ́ ọ̀la máa le ju tòní lọ. Kó tètè jí."