Ijó Ọmọ Mi Lẹ́sẹ̀ Àwọn Ọmọ Ọlọ́mọ

Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọbìnrin méjìlélógójì tó wà ní ìpàgọ́ náà. Mo mọ èyí tó máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo mọ èyí tí kì í jẹ ẹ̀wà, mo mọ èyí tó jẹ́ pé orúkọ ìyá bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí, torí ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, mi ò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òbí wọn. Èyí tí mo bí fúnra mi, ìgbà ọyẹ́ ló kú. Nígbà tí họ́lídè gígùn máa fi dé, ó ti pé oṣù méje tó ti kú, mi ò tíì lè pe orúkọ tirẹ̀ kí n má sunkún.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ti pàgọ́ náà, lójú ọ̀nà Ìgbòho, níbi tí ilé ti ń tán ní Ṣakí tí oko iṣu bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ṣe tíṣà ní Ìbàdàn ló dá a sílẹ̀. Ọmọ Ṣakí ni. Bí wọ́n bá ti gba họ́lídè, á kó àwọn ọmọbìnrin jọ láti Ṣakí, láti Ìgbòho, láti Òkèhò àti Ìsẹ́yìn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo wọn ń pè é ní Àǹtí, àwa àgbà náà ń bá wọn pè é bẹ́ẹ̀.

Òun ló wá bá wa nílé. Ó ní òun ń wá ìyá àgbà tó mọ ijó àwọn omidan àtijọ́, èyí tí àwọn ọmọbìnrin máa ń jó kiri àdúgbò nígbà tó bá ku ọ̀la kí ọ̀kan nínú wọn lọ sílé ọkọ. Àwa méjì ló bá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ni ìyáálé. Ọkọ wa ti kú tipẹ́, èmi àti èkejì mi la jọ ń gbé inú ilé tó fi sílẹ̀. Ìyàwó ni mò ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti hewú. Kò bímọ.

Àǹtí bèèrè pé, “Ẹ̀yin ìyá mi, ta ló mọ ijó náà nínú yín?”

Ìyàwó wò mí. Kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi tí mo bá wà, bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Mo ní èmi ni. Mo ní n ó mú ìyàwó dání kí ó lè máa bá mi lu igbá.

Kí n má parọ́, orin ni mo mọ̀. Kò sí orin omidan kan tí mi ò mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ijó, rárá. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí bàbá mi tó fà mí sídìí òfì, ibẹ̀ la sì máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ọwọ́ wa ló mọ iṣẹ́, ẹsẹ̀ wa ò rí àyè.

Ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n jó. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe é. Á fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé ẹsẹ̀, á wá bojú wẹ̀yìn láti èjìká òsì, bí ẹni tí wọ́n pè tí kò sì fẹ́ dúró. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i níbi òpin ọdún ilé ìwé wọn. Gbogbo àwọn òbí dìde dúró láti wò ó. Mo bi í nígbà tí à ń lọ sílé pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, “Ara mi ló ṣe é, Màámi.” Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fáàrí káàkiri ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tó kú, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Wọ́n pín aṣọ rẹ̀. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ ò ju ẹsẹ̀ ijó yẹn lọ, èyí tí mò ń rí bí mo bá di ojú. Mo rò pé bí mo bá lè fi sí àwọn ọmọ yìí lẹ́sẹ̀, kò ní tán pátápátá. Ìdí tí mo ṣe dáhùn nìyẹn tí mo ní èmi ni.

Àlòkù rímù ọkọ̀ kan tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò ni agogo ìpàgọ́. Bí wọ́n bá ti lù ú ní ìdájí, àwọn tó ń kírun á lọ kírun àsùbáà, àwọn ọmọ ìjọ á lọ gbàdúrà nínú kíláàsì kejì. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á tò sídìí ẹ̀rọ omi láti wẹ̀, wọ́n á mu ògì pẹ̀lú àkàrà. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ọṣẹ ṣíṣe, wọ́n ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Nọ́ọ̀sì kan wá lọ́jọ́ kan láti kọ́ wọn nípa nǹkan oṣù, àwọn kékeré fi aṣọ bojú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun alásárì ni ijó. Wọ́n á kọ́kọ́ tan sípíkà, wọ́n á jó èyí tí wọ́n rí lórí fóònù, èyí tí wọ́n ń gbọn èjìká bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ láṣọ. Lẹ́yìn náà ló kan wa.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ wọn. Orin kò ṣòro. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde lórí àga láti fi ẹsẹ̀ ọmọ mi hàn wọ́n, eékún mi kọ̀. Ọmọ Òkèhò kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wò mí dáadáa, ó ní, “Ìyá Àgbà, ṣé ẹ̀ ń yọ̀ ṣubú ni àbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jó o?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí ìyàwó, ó tẹ orí ba sórí igbá kí n má bàa rí ẹ̀rín tirẹ̀.

Láti ọjọ́ kẹrin ni mo ti ń rí i pé bí a bá ti ṣíwọ́, àwọn ọmọ kì í lọ sí yàrá. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ń lọ, níbi tí ìyàwó ti máa ń bá àwọn olóúnjẹ bẹ iṣu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Ìyá Oníjó. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ pọn omi ìwẹ̀ fún. Ọjọ́ kan mo bá a tí méjì nínú wọn ń di irun ewú rẹ̀, ó jókòó láàárín wọn bí ẹni tó bí wọn. Ọmọ Òkèhò ẹlẹ́nu yẹn, tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ká ẹní rẹ̀, ó ní ooru ń mú òun níbẹ̀, ó gbé ẹní náà lọ tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó. Inú yàrá kan náà ni gbogbo wa ń sùn. Ooru kan náà ni.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí rán ìyàwó níṣẹ́. Bí mo bá ti rí i pé wọ́n yí i ká, mo ní, “Ìyàwó, bá mi mú ìborùn mi wá.” Bó bá mú un dé, mo ní kì í ṣe èyí, òmíràn ni. Ìborùn kan ṣoṣo ni mo gbé wá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òjò rọ̀ lọ́sàn-án, kò sí ẹ̀kọ́. Nígbà tí òjò dá, mo gbọ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo lọ wò ó. Ìyàwó ti gbé igbá sílẹ̀, ó káṣọ sókè, ó ń jó nínú ẹrẹ̀, bíi ogún ọmọ tò sẹ́yìn rẹ̀. Gìgísẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀. Gbogbo wọn wá bojú wẹ̀yìn láti èjìká òsì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì rí mi níbi tí mo dúró sí.

Mo ní, “Ìyàwó, níbo lo ti jí ẹsẹ̀ yẹn?”

Ó dúró. Ó ní, “Ìyáálé mi, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ fọ ẹsẹ̀ ná.”

“Mo ní níbo lo ti jí i. Ọmọ tí kò sí láyé mọ́, o tún ń jí nǹkan rẹ̀. Bí o bá ń wá èyí tí wàá ní, ṣebí kí o ti bí tìrẹ.”

Ìṣojú àwọn ọmọ náà ni mo ti sọ ọ́. Ìyàwó fi ọwọ́ lé wọn lọ, ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń fi igi họ ẹrẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wo ojú mi nígbà tó sọ̀rọ̀.

“Èmi ni mo kọ́ ọ.”

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ọmọ mi sọ fún mi pé ara òun ló ṣe é.

“Nígbà tí ẹ bá kó èlùbọ́ lọ sí Ìbàdàn ni. Ẹ̀yin kì í wà nílé ju ọjọ́ mélòó kan lọ nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ni a ti ń jó o. Òun ló ní kí n má sọ fún yín.”

“Kí ló dé?”

Ó ju igi náà sílẹ̀. “Ó ní, ‘Ìyá Kékeré, bí Màámi bá gbọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n wá sọ́dọ̀ yín mọ́.’”

Òótọ́ lọmọ náà sọ. Ǹ bá má jẹ́ kó lọ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń parọ́ nítorí mi.

Mo lọ bá Àǹtí, mo ní ọ̀fun ń dùn mí, mi ò ní lè kọrin lọ́jọ́ tí àwọn òbí máa wá. Ó dààmú, torí ijó yẹn ni wọ́n fẹ́ fi parí ètò, kò sì sí ẹni tó mọ orin náà tán bíi tèmi. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí mi ò bá kọrin, wọn ò ní rí i jó, ẹnikẹ́ni ò sì ní fi ẹsẹ̀ ọmọ mi yin ẹlòmíràn.

Ìyàwó ò bẹ̀ mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé omi gbígbóná tó fi atalẹ̀ sí wá.

“Ẹ mu ún, ọ̀fun yín á là.”

“Kò sóhun tó ṣe ọ̀fun mi.”

“Mo mọ̀. Ẹ ṣáà mu ún.”

Bó ṣe ń gbé e wá nìyẹn ní àràárọ̀ títí ọjọ́ náà fi pé.

Àwọn òbí dé, àwọn kan lórí ọ̀kadà, àwọn kan nínú bọ́ọ̀sì. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀, mo fi ìborùn wé ọrùn. Àwọn ọmọ tò, ìyàwó gbé igbá, òun fúnra rẹ̀ ló gbé orin náà. Ó kọ ọ́ bàjẹ́. Ó mú ìlà kẹta ṣáájú ìlà kìíní, ó pe àdúgbò tí kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ò mọ ibi tí wọ́n ó ti gbé ẹsẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Kì í ṣe pé inú mi rọ̀. Orin tó ń bà jẹ́ yẹn ni mi ò lè fara dà. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí, mo tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ bá gbé ẹsẹ̀. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣì í ni. Mi ò bi í.

Wọ́n jó o. Àwọn méjèèjìlélógójì. Mi ò dá orin náà dúró.

Nígbà tí wọ́n parí, ìyá ọmọ kan láti Ìsẹ́yìn wá kí ìyàwó. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ẹsẹ̀ ijó yìí dára, ta ló ni ín?”

Ìyàwó ní, “Ọmọ ìyáálé mi ni, èyí tó ṣaláìsí. Ìyá rẹ̀ ló jókòó níbẹ̀ yẹn.”

Gbogbo wọn wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń kí mi kú ìrọ́jú, kú iṣẹ́. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, pé ìyàwó ló kọ́ ọ. Ó dé ẹnu mi. Mo gba ìkíni gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sọ ọ́. Mo tún jowú pé òun ló lè sọ bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ kẹta tí a padà sílé, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, à ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní, “Àwọn ìgbà tí mo lọ sí Ìbàdàn yẹn. Sọ ọ́ fún mi.”

Ó ní, “Èwo nínú rẹ̀?”

“Èyíkéyìí.”

Ó ní ibà mú òun nígbà kan, òun ò lè dìde. Ọmọ náà wọlé, ó ní òun ó máa jó títí Ìyá Kékeré ó fi dìde. Kò sí igbá, kò sí orin, ó ń fi ẹnu lù ú. Ó jó títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó bá sùn lé òun lẹ́sẹ̀. Òun ò lè mi ẹsẹ̀ náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo ní, “Ìgbà wo nìyẹn?”

“Ìgbà tí ẹ ra bàtà pupa bọ̀ fún un.”

Mo rántí bàtà náà. Mo rántí bó ṣe sáré pàdé mi. Mo rò pé gbogbo ọjọ́ tí mi ò sí nílé ló fi ń retí mi.

Mo ní kí ó sọ òmíràn. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó dìde, ó ní ẹ̀gúsí ti tán, ó di ọ̀la. Ó wọlé lọ gbé omi kaná. Èmi tí mo bí ọmọ náà ni mo jókòó síbẹ̀, tí mò ń retí ọ̀la.