Fèrè Tí Mo Gbọ́, Tí N Kò Jẹ́

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ọdẹ wa ni ó ṣẹ̀ mí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ṣáájú Iléyá ọdún tó kọjá, ní gbàgede kan ní Òkè-Àgbò tí òórùn kòkó tí a sá gba gbogbo rẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni ó ti ṣí fìlà béré ẹ̀ṣọ́ kúrò lórí mi lójú àwọn ẹgbẹ́ mi, tí ó ní kí n máa lọ sílé.

Ó ti ṣe sójà rí, wọ́n sì ti rán an lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ogun lókè òkun. Nígbà tí àwọn olè tí ń já kòkó pọ̀ nínú oko wa, ìlú ní kí ó tún wa tò bí ọmọ ogun òde òní. Ó fún wa ní bọ́ọ̀tù, ó kọ́ wa ní ìrìn; inú mi dùn sí i, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé òfin kan kalẹ̀: ẹni tí a bá fi sí ojú-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ bí òun kò bá pàṣẹ. Láyé àwọn baba wa, bí ọdẹ bá fọn fèrè pé kí a wá gba òun, ohun yòówù tí ó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò jù sílẹ̀, tí yóò sì sáré lọ bá a. Ọ̀gá ní bí ewúrẹ́ ṣe ń sáré nìyẹn. "Tí ẹ bá ti sáré lọ tán, olè á gba ẹ̀yìn yín wọlé."

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, oríta oko ni ó fi mí sí. Fèrè dún láti òdìkejì odò. Mo mọ ẹni tí ó ń fọn ọ́n. Àbúrò ni ó jẹ́ fún mi nínú ẹgbẹ́. Ẹsẹ̀ mi ti gbéra kí n tó rántí òfin. Fóònù kì í gbà nínú igbó yẹn, n kò sì rí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀. Mo dúró. Fèrè dún, ó dún, ó dákẹ́.

Àdá àwọn olè ti ba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́, kò bú mi. "Ẹ̀gbọ́n, bí mo ṣe ń fọn ọ́n ni mo ń sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀."

Ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá dúró níwájú wa. "Irú ọdẹ wo ni ọ́, tí o gbọ́ fèrè ẹnìkejì rẹ, tí o dúró bí òpó?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró."

"Ṣé mo ní kí o di òkúta ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rò ó láti ìgbà náà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún wa pé ní ilẹ̀ tí òun ti kọ́ṣẹ́, rédíò máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá dúró, àwọn mìíràn á sì wà nílẹ̀ tí ń retí ìpè. Níbi tí wọ́n ti bí òfin yẹn, ó ní etí, ó ní ẹsẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni a gbé wá sílé. Kì í ṣe pé ohun àjèjì burú. Ohun tí ó dùn mí ni pé òfin òkèèrè ni ó fi dè mí mọ́lẹ̀, àṣà ilé ni ó wá fi dá mi lẹ́bi.

N kò ní kí ìlú lé e. Mo fẹ́ kí wọ́n gbà mí padà, kí wọ́n sì sọ ní gbangba ẹni tí ó jẹ̀bi ọwọ́ ọkùnrin yẹn. Bí ẹ bá ní èmi ni, n ó gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ báyìí, ẹ bá wa dá ẹjọ́ náà.