Igi Àwọn Kéréje

Òórùn èéfín katapílà àti ti ewé tútù tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ìgàndó. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ sì ni mí.

Igbó wà lẹ́yìn ilé wa nígbà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Ìgàndó tàbí Ìṣẹ̀rí-Olófin kí títì tó dé yóò rántí irú igbó bẹ́ẹ̀, tó máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ìdílé bàbá mi ló ni ín. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, sọ fún wa pé àwọn Kéréje ló ń gbé inú rẹ̀. Bí a bá ti ilé kéwú dé nírọ̀lẹ́, a ó yí i ká nídìí àdògán, á sì máa sọ ìṣe wọn bí ẹni ń sọ ti ará ilé.

Kéréje kankan kì í ga ju ọmọ ọdún méje lọ. Etí wọn ṣóńṣó, ara wọn ń dán bí ewé kókò lẹ́yìn òjò. Wọn kì í dáná. Oyin àti èso ni wọ́n ń jẹ. Bí méjì bá pàdé, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń kan ẹ̀yìn, ìyẹn ni ìkíni wọn. Kéréje kọ̀ọ̀kan ló ní igi tirẹ̀, ìdí igi náà nìkan ni wọ́n sì ti ń pe orúkọ rẹ̀. "Igi tí ẹ kò bá kí, ẹ má ká èso rẹ̀," bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà máa ń wí. Èmi àti Múfú, àbúrò mi, a máa fi ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn kí a tó lọ síléèwé, màmá wa á sì ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé orí yín pé ṣá?"

A ò mọ̀ pé bàbá mi àtàwọn ẹbí ti ta apá kan igbó náà. Wọn ò sọ fún Ìyá Àgbà. Nígbà tí mo fi máa sáré dé ẹ̀yìnkùlé, igi àgbálùmọ̀ kan ti wó, oje funfun ń ṣàn lára rẹ̀. Ìyá Àgbà ń sáré bọ̀. N kò rí i kó sáré rí! Ìró fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ láyà rẹ̀, gèlè ò sí lórí, irun rẹ̀ funfun báláú. Ó kọjá níwájú katapílà, ó fi ẹ̀yìn ti igi orógbó tó tẹ̀ lé e, ó sì figbe ta: "Wọ́n ti gé Sáfúrátù lulẹ̀! Ráfíù! Mùínátù! Èmi ìyá yín rèé o!"

Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́.

"Ìyá, ta lẹ ń pè?"

"Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"Ẹ̀gbọ́n báwo? Ṣebí èmi ni àkọ́bí yín?"

Ìyá Àgbà mi orí. "Àìsàn ilé-gbóná pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín oṣù kan, kí n tó lóyún rẹ. Ráfíù tó dàgbà jù, ọmọ ọdún méje ni. Bàbá rẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ wọn mọ́ nínú ilé, kí ìwọ náà má baà tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọkùnrin ló sin wọ́n sínú igbó yìí. O mọ̀ pé òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà, ni mo bá gbin igi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Bàbá mi jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun ti jàlàbíà funfun tó wọ̀, ó di orí mú. Ó ti lé lógójì ọdún. Mo wo Múfú, Múfú wò mí. Àwọn Kéréje tí à ń fi ṣeré, ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni wọ́n!

Ẹni tó ra ilẹ̀ náà, ọkùnrin Aládùúrà kan tó wọ aṣọ funfun, ní kí wọ́n yí katapílà padà. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan igi méjì tó kù, kò sì yẹ̀ ẹ́ títí Ìyá Àgbà fi kú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn àgbà wá kí i. "Ẹ gbàgbé, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Ó yíjú sọ́nà igbó. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó tì í, mo bi í pé, "Ìyá, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló máa ń sọ̀rọ̀ jù?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ráfíù ni jàre. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi!" Ó sọ tiwọn fún mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo ti dàgbà báyìí. Mo ti kí ọ̀pọ̀ ìyá tí ọmọ kú fún, mo sì mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àgbàlagbà sọ. Títí di òní, n kò tíì láyà láti bi ọ̀kankan nínú wọn bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn gbọ́n jù mí lọ.